Ẹran kò gbà lọ́fun mi mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́rin rèé tí wọ́n gé ikùn mi kù ní Túnísíà kí ara mi lè fúyẹ́. Kílò 124 ni mo gbé lọ, mo ti wà ní 98 báyìí, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹran ò jẹ́ kí n sinmi. Ì báà jẹ́ ti ewúrẹ́, ì báà jẹ́ ti adìyẹ, yóò há sí mi láyà títí n ó fi bì í. Òórùn ẹja náà ń rìn mí. Dókítà ní purotéènì tí mò ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 60. Níbo ni n ó ti rí i, nígbà tó jẹ́ pé ṣíbí mẹ́fà péré ni ikùn mi ń gbà? Irun mi ti ń já. Lánàá ni ọmọ mi rí i lára ìyarun, ó bú sẹ́kún. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Kétu:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Èmi náà ṣe é, ó pé ọdún méjì báyìí, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ẹran kò fi wọlé fún mi. Ẹ má fi tipátipá gbé e mì. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló gbà mí. Kì í ṣe àkàrà o, epo rẹ̀ á dà yín láàmú. Ẹ̀wà méjì, sóyà kan ni mo fi ń ṣe é. Mo máa ń bó èèpo wọn kúrò nítorí inú kíkún, mo sì máa ń po ẹyin méjì mọ́ ọn kí n tó pọ́n ọn sínú ewé. Ẹyin méjì yẹn nìkan tó bíi gíráàmù 12. Mo máa ń jẹ díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, díẹ̀ lálẹ́.

Ẹ̀kọ ni mo jẹ dàgbà, òun gan-an ló sì pẹ́ kí n tó fi sílẹ̀. Ó ń gba àyè ikùn lásán. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà tàbí ẹyin, bí àyè bá kù kí ẹ wá fọwọ́ kan ẹ̀kọ. Ògì tí ẹ bá fẹ́ mu, ẹ po ìyẹ̀fun mílíìkì ṣíbí mẹ́ta sí i. Ẹ má sì mu omi lé oúnjẹ, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Wàrà àwọn Fúlàní ńkọ́? Òun ni àǹtí mi gbọ́kàn lé nígbà tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún un. Ẹ ra funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí tí wọ́n ti fi pòròpóró ọkà bàbà pa láró máa ń le bó bá ti pẹ́. Ẹ sè é dáadáa, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ẹ má dín in.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kò sí fítámì B12, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nínú ẹ̀wà. Ẹyin àti wàrà ní díẹ̀, ikùn tí wọ́n ti gé kò sì lè yọ ọ́ nínú oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ má fi oògùn fítámì yín sílẹ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ti irun, ó sábà máa ń já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà nítorí ara tó rù lójijì, ó sì máa ń hù padà bí purotéènì bá tó.

Èébì yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Mo tọ́jú obìnrin kan tó ń bì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsọ fún ẹnì kan. Fítámì B1 tán lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Bó bá di pé omi gan-an ò dúró, ẹ má sún un di ọjọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé, ìyá wa. Omi ń dúró, ẹran nìkan ni. Mo máa pe dókítà láàárọ̀ ọ̀la nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn, lẹ́yìn náà n ó gba ọjà Ouando lọ wá wàrà. Ọmọ Kétu, sóyà yẹn, òru kan ni ẹ fi ń rẹ ẹ́ àbí méjì?

Ọmọ Kétu:
Òru kan. Ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ bó o, kí ẹ sì sè é tó ìdajì wákàtí kó tó dé ibi ọlọ.