Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí N Fi Okùn Òòfà Han Òun

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní ìṣirò nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun ló fi bí wọ́n ṣe ń wọn igun hàn mí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọra. Ká ní àjèjì ló sọ fún mi pé ayé tẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo ni, ǹ bá gbójú kúrò níbẹ̀.

Fídíò ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó di mẹ́ta, ó di ojoojúmọ́. Nígbà tí a jọ jókòó, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ayé bá tẹ́ pẹlẹbẹ, kí wá ni ẹ máa sọ nípa òòfà ilẹ̀ tó ń mú kí nǹkan já bọ́?" Ó ní kò sí òòfà kankan. Ó ní ohun tó bá ki ju afẹ́fẹ́ lọ á wá sílẹ̀, ohun tó bá fúyẹ́ jù ú lọ á gòkè, dẹ́ńsítì lásán ni, ìyẹn bí nǹkan ṣe ki tó. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí léèrè ohun tí mi ò lè gbàgbé: "Òòfà tí o ń pè yẹn, ṣé o ti rí okùn tó fi ń fa nǹkan rí? Fi hàn mí."

Mi ò rí nǹkan kan fi hàn án. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni orúkọ Newton, ẹni tó kọ òfin òòfà, ọdún 1687 tó gbé ìwé rẹ̀ jáde, àti nọ́ńbà 9.8, ìwọ̀n òòfà ilẹ̀, tí a há sórí nílé ìwé. Bí òun ṣe gba àwọn onífídíò gbọ́ ni èmi náà gba olùkọ́ mi gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo gbóhùn sókè sí ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi. A fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko yan ara wa lódì.

Ọmọ mi obìnrin ló là mí lójú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó sì ti gbọ́ ariwo wa láti yàrá kejì. Ó bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Àwọn tó wà lábẹ́ ayé, kí ló dé tí wọn kì í já bọ́?" Mo ní, "Kí wọ́n já bọ́ lọ síbo?" Mo kàn fẹ́ fi ìbéèrè náà ra àkókò ni, àmọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi báyìí, mo dúró jẹ́ẹ́. Ibo gan-an ni wọn ì bá já bọ́ sí? Ojú ọ̀run kò ní ìsàlẹ̀. Àárín ayé ni ìsàlẹ̀ gbogbo wa. Ibi yòówù kí èèyàn dúró sí lára ayé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí àárín náà, orí rẹ̀ sì kọjú síta. Ohun kan náà ni kì í jẹ́ kí omi òkun dànù. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé omi ò lè tẹ̀, pé omi máa ń tẹ́jú ni. Òótọ́ ni pé ó máa ń tẹ́jú, ṣùgbọ́n àárín ayé ló fi ń wọn títẹ́jú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní mú ohunkóhun tí mi ò tíì fi ojú ara mi rí, tàbí tí mi ò lè ṣàlàyé délẹ̀, lọ bá a mọ́. Mo mú ike omi kan, mo fi ìṣó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, mo rọ omi kún un, mo sì ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Omi ń tú jáde láti ojú ihò. Mo gun orí àga, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó kúrò lọ́wọ́ mi títí tó fi balẹ̀, omi kò tú mọ́. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́fà, ọmọ mi ń fi fóònù ká a sílẹ̀, kí a lè wò ó díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Nígbà tí ike yẹn ń já bọ̀, omi inú rẹ̀ kò fúyẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ tó yí i ká kò sì ki sí i. Dẹ́ńsítì wọn kò yí padà rárá. Ohun tó yí padà ni pé omi àti ike jọ ń já bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan kò tẹ èkejì mọ́. Bó ṣe rí fún àwọn tó wà nínú ibùdó òfurufú ISS náà nìyẹn. Nǹkan bíi kìlómítà 400 péré ni wọ́n fi ga ju ilẹ̀ lọ, òòfà ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì tó bíi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń já bọ̀ yí ayé po ni, kìlómítà bíi 28,000 ní wákàtí kan. Ìhó inú omi kì í léfòó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ dẹ́ńsítì omi àti ti afẹ́fẹ́ inú ìhó kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Léfòó-léfòó tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń lé òòfà dànù, òòfà ló bí i.

Nípa okùn tó béèrè, Henry Cavendish ni mo mú lọ. Ní 1798, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì yìí fi wáyà tín-ín-rín so ọ̀pá kan rọ̀, ó fi bọ́ọ̀lù òjé kékeré sí orí rẹ̀ méjèèjì, ó wá sún òjé ńlá méjì mọ́ wọn láti ẹ̀gbẹ́. Òjé ńlá kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó kìlógíráàmù 158. Ìta yàrá ló dúró sí, awò ló fi ń wo ọ̀pá náà, kí atẹ́gùn àti ooru ara rẹ̀ má baà dà á rú. Ọ̀pá náà yí. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó yí. Ẹ̀gbẹ́ ni òjé kékeré yẹn lọ o, sọ́dọ̀ òjé ńlá! Kò rì, kò léfòó. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ni dẹ́ńsítì rí sọ sí èyí. Ó ní òun máa rò ó.

Mi ò mú hámà àti ìyẹ́ tí David Scott, arìnrìn-àjò òfurufú ará Amẹ́ríkà, jọ̀wọ́ lórí òṣùpá ní 1971 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ rárá ni méjèèjì ti já bọ̀, tí wọ́n sì balẹ̀ pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà pé ẹnikẹ́ni dé òṣùpá. Ẹ̀rí tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kò lè tọ́ wò kì í ṣe ẹ̀rí fún un.

Nígbà tí òṣùpá wọ òjìji ayé ní 7 September 2025, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ dúró wò ó. Etí òjìji náà tẹ̀ róbótó. Ó ní àwo pẹlẹbẹ náà ní òjìji róbótó. Mo gbà, òótọ́ ni. A wọlé, a tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri, a gbé àwo síwájú rẹ̀. Bí a ṣe dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjìji rẹ̀ gùn bí ẹyin, ó sì tín-ín-rín bí ọ̀pá nígbẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù kò ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí a yí i sí. Òjìji ayé lára òṣùpá sì ń rí róbótó nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀gànjọ́ tàbí àfẹ̀mọ́jú.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n jọ ń wo fídíò ní ká ta tẹ́tẹ́ sí i. Mo kọ̀ jálẹ̀. Alfred Russel Wallace, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, gba irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1870, £500, ó fi hàn lójú odò kan pé omi tẹ̀, wọ́n dá a láre, síbẹ̀ John Hampden, ẹni tó ní ayé tẹ́ tó sì pàdánù, bú u, ó sì dà á láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò fẹ́ owó ẹ̀gbọ́n mi. Òun gan-an ni mo fẹ́ padà.

Òjìji igi ló bá wa ṣe é. Ní 22 September, oòrùn wà ní àtàrí ní agbedeméjì ayé. A ní kí àwọn mẹ́ta ri igi mítà kan mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, kí wọ́n wọn òjìji rẹ̀ nígbà tó bá kúrú jù lọ. Àbúrò wa obìnrin wà ní dígírì 30 sí àríwá agbedeméjì ayé, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà ní dígírì 45. Ẹni kẹta, tó wà ní dígírì 60, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, kó má baà dà bíi pé mo gbìmọ̀. Òjìji wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58, 100 àti 173. Jíjìn wọn sí agbedeméjì ayé jẹ́ kìlómítà bíi 3,340, 5,000 àti 6,670. Àwòrán ayé pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn, èyí tó fi àríwá sí àárín, gba iye wọ̀nyí bẹ́ẹ̀.

Mo fún un ní pẹ́ńsù. Bí ilẹ̀ bá tẹ́, tí a sì fi òjìji (ní mítà) pín jíjìn, òjìji àkọ́kọ́ ní oòrùn ga tó kìlómítà bíi 5,750. Èkejì ní 5,000. Ẹ̀kẹta ní 3,850. Oòrùn kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kan ṣoṣo! Bí ayé bá rí róbótó tí oòrùn sì jìnnà réré, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹnu kò: dígírì kan jẹ́ kìlómítà bíi 111, odindi ayé jẹ́ bíi 40,000. Òjìji kan ṣoṣo kì bá tí tó, torí oòrùn tó wà nítòsí lè ṣàlàyé rẹ̀. Méjì tó kù ló tú u fó.

Ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta níwájú mi, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi kọ́ mi. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan wọn òjìji tiẹ̀ ṣì. Mi ò jiyàn. Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tó bá wù wọ́n.

Ní 21 December, ó pè mí. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ọ̀rẹ́ òun tó wà ní dígírì 60 sọ pé òjìji igi mítà kan yẹn ti gùn ju mítà mẹ́jọ lọ. Ó ní kí n má gbé fóònù sílẹ̀, òun fẹ́ ṣírò bí oòrùn ṣe máa ga tó.