Ta ni orúkọ òpó (column) ti dà láàmú rí níbi yíyí fáìlì máàpù padà?

Atẹ́lẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fáìlì máàpù GeoJSON kan wà lọ́wọ́ mi, òpó méjì inú rẹ̀ ń jẹ́ population_2010 àti population_2020. Bí mo ṣe yí i sí shapefile, irú fáìlì máàpù mìíràn, ọ̀kan di population, èkejì di populati_1. Iye ṣì wà níbẹ̀, ọdún ti pòórá. Ṣé ó ti ṣe ẹ̀yin náà rí?

OníGDAL: Lẹ́tà 10 péré ni .dbf, fáìlì tí tábìlì shapefile wà nínú rẹ̀, ń gbà fún orúkọ òpó. Ogr2ogr, irinṣẹ́ GDAL tó ń yí fáìlì máàpù padà, gé méjèèjì, wọ́n wá di orúkọ kan náà, ló bá gé èkejì kù sí 8, ó lẹ _1 mọ́ ọn. Ó máa ń kìlọ̀ o: "Normalized/laundered field name", orúkọ àtijọ́ àti tuntun á sì tẹ̀ lé e.

Ìyá Máàpù: Ta ló ń ka ìyẹn! Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, household_ ni gbogbo òpó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 10 gééré! Household_, househol_1, househol_2, títí dé househol10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yí i padà sì ti pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Ìwé ìbéèrè la lọ tú ká tó mọ èyí tó jẹ́ iye ọmọ àti èyí tó jẹ́ iye yàrá.

Kékeré: Yéè! Ẹ kú ìrójú mà.

Sọ̀rọ̀sókè: Ẹ pa shapefile tì jàre. Láti 1998 ni Esri, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ti gbé ìwé àlàyé rẹ̀ jáde. GeoPackage ń bẹ, irú fáìlì máàpù mìíràn.

Ìyá Máàpù: Àbúrò, ẹni tó ń sanwó ló ń sọ irú fáìlì tó fẹ́.

Aṣọ́dátà: GeoPackage náà ní tiẹ̀. GeoJSON lè ní Name àti name pọ̀, SQLite, dátàbéèsì tí GeoPackage dúró lé, ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Tí nọ́ńbà kan bá sì wà lẹ́ẹ̀mejì nínú òpó fid (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan), kò ní gbà á wọlé.

Àmìohùn: Báìtì ni .dbf ń kà o, kì í ṣe lẹ́tà. "Ìpínlẹ̀" gan-an ò wọ̀ ọ́.

Kékeré: Lẹ́tà 6? Mi ò gbà.

Àmìohùn: Ẹ kà á ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì. Ì jẹ́ 2, p 1, í 2, n 1, l 1, ẹ 3, àmì orí rẹ̀ 2. 12 nìyẹn.

Kékeré: Háà. Mo gbà.

Sọ̀rọ̀sókè: Ẹ kọ ipinle, kó tán.

Àmìohùn: Nínú shapefile, kò sọ́gbọ́n míì. Níbi tí àyè bá wà, èmi ò ní bọ́ àmì lórí èdè mi.

Atẹ́lẹ̀: Kí ni kí n wá ṣe báyìí?

OníGDAL: Ẹ fúnra yín sọ ọ́ lórúkọ kí ẹ tó yí i: -sql "SELECT population_2010 AS pop2010, population_2020 AS pop2020 FROM orúkọ_léyà". Ẹ má fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ orúkọ, ẹ má fi àlàfo sáàárín rẹ̀.

Ìyá Máàpù: Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àtijọ́ àti tuntun sínú CSV, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì náà. Mo bẹ̀ yín.

Kékeré: Ẹ jọ̀ọ́, mo fi ogr2ogr kó shapefile mi sínú dátàbéèsì Postgres, ó ní òpó "Ward" mi ò sí, mo sì ń wò ó nínú shapefile.

Aṣọ́dátà: Ogr2ogr ti sọ ọ́ di ward. Fi LAUNDER=NO sí i.