Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Mo fẹ́ sọ yàrá kan di ibi ìránṣọ nílé. Ṣé fọ́níṣọ̀ inú páálí á tó o gbé?

Ìyá Àyọ̀, Bàrígà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ránṣọ nínú pálọ̀ wa. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ, ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí débi pé tí mo bá gé aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́ta, ògiri ni mo máa ń dì mú kí n tó lè dìde. Lóṣù tó kọjá, pínnì wọ ọmọ mi kékeré lẹ́sẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá Àyọ̀ ní ká kó ẹrù kúrò ní yàrá kejì kí n máa lò ó. Mo sunkún ayọ̀.

Yàrá náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó gùn ní 11. Fèrèsé kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ìsàlẹ̀ la wà nínú ilé yìí, ògiri ẹ̀yìn a sì máa rin tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra. Ohun tí mo ní kò ju máṣíìnì olórí dúdú tó ní ẹsẹ̀ irin, máṣíìnì wíífù kan tí mo fi ń di etí aṣọ kó má bàa tú, dọ́mì kan (ère tí a ń wọ aṣọ sí lára), àti àpò Ghana-Must-Go mẹ́rin tí aṣọ kọ́sítọ́mà kún inú wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, ₦300,000 sì ni mo lè ná.

Mo ti ń wo àwọn fọ́níṣọ̀ tí wọ́n ń kó wá nínú páálí, tí èèyàn á fi síkúrúù tò fúnra rẹ̀. Wọ́n rẹwà lójú mi, owó wọn ò sì ga jù. Ṣé kí n ra gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀: tábìlì ìgéṣọ, tábìlì máṣíìnì, ṣẹ́ẹ̀fù? Àbí kí n wá káfíńtà?

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Lafiaji

Ọmọ mi, o kú oríire yàrá. Ọdún 31 rèé tí mo ti wà nídìí máṣíìnì. Tábìlì ìgéṣọ ni kí owó àjọ rẹ kọ́kọ́ kàn. Gbogbo ohun yòókù lè dúró, ẹ̀yìn rẹ ni kò lè dúró.

Bí o ṣe máa mọ gíga rẹ̀ nìyí. Wọ bàtà tí o máa ń wọ̀ nílé, dúró ṣánṣán, ká apá rẹ níbi ìgúnpá. Kí ojú tábìlì fi bí íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin relẹ̀ ju ìgúnpá yẹn lọ. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin, yóò jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 36 láti ilẹ̀. Tábìlì oúnjẹ kì í sábà ju íǹṣì 30 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gé aṣọ lórí rẹ̀ fi máa ń tẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ti máṣíìnì yàtọ̀, torí ìjókòó ni tiẹ̀, íǹṣì 28 sí 30 ló bá a mu. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tábìlì kan fún ọ pé o lè fi ṣe méjèèjì.

Ìbú ńkọ́? Àǹkárá máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 45 tàbí 46. Tí o bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó di 23. Tábìlì tó fẹ̀ ní íǹṣì 36 gbà á dáadáa, àyè á tún ṣẹ́ kù fún sísọ̀, ṣọ́ọ̀kì àti téèpù. Léèsì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ṣẹ́ òun náà po, ó gbà á. Ẹsẹ̀ bàtà 5 ní gígùn ti tó. Àárín yàrá ni kí o gbé e sí, kí o lè rìn yí i ká. Ẹni tó gbé tábìlì ìgéṣọ ti ògiri á máa yí aṣọ ní gbogbo ìgbà, aṣọ tí a ń yí ló ń yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, a ó sì gé e ní wíwọ́.

Káfíńtà Mushin

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, síbẹ̀ mi ò ní torí ìyẹn bu fọ́níṣọ̀ inú páálí. Mo ti to ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní Yábàá àti Sùúrùlérè. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èérún igi ni. Wọ́n fi gúlúù àti ooru tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n wá fi ike tín-ín-rín bò ó lójú. Ojú yẹn kì í gba omi, etí rẹ̀ àti ojú ihò síkúrúù ló ń gbà á. Tí omi bá ti ibẹ̀ wọlé, pákó náà á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, kò sì ní fẹ̀yìn padà sípò mọ́ bí ẹ tilẹ̀ sá a sóòrùn. Ẹ ní ìsàlẹ̀ lẹ wà, ògiri sì ń rin. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín.

Èkejì ni síkúrúù. Igi gidi máa ń di síkúrúù mú ṣinṣin. Èérún igi kì í dì í mú bẹ́ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá tú u tí wọ́n tún tò ó. Máṣíìnì sì ń gbọ̀n jìgìjìgì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Olórí dúdú yín ti ní ẹsẹ̀ irin tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí tábìlì tó dára jù ú lọ. Wíífù ló nílò tábìlì tó lágbára. Tí ẹ bá gbé e lé tábìlì inú páálí, láìpẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà á máa mì, òwú á sì máa já.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi nìyí. Ẹ ra máríìnì bọ́ọ̀dù (pákó onípele tó lè gba ọ̀rinrin mọ́ra) kan ṣoṣo, 18mm, gbáko rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Ọjà ohun èlò ìkọ́lé Ọdún Adé ní Orílé dára fún un. Kí ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé ọ̀já tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 kúrò létí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Èyí tó kù á di 8 sí 3. Kí wọ́n gé 5 nínú rẹ̀: ojú tábìlì ìgéṣọ yín nìyẹn, 5 sí 3. Á ṣẹ́ ku 3 sí 3. Ọ̀já gígùn yẹn, ẹ dá a sí méjì, ṣẹ́ẹ̀fù ara ògiri méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ti jáde nínú rẹ̀. Pákó kan ṣoṣo o, kò sí èyí tó ṣòfò, àfi ìwọ̀nba tí ayùn bá jẹ.

Ìyá Ìbejì, Ògbà

Ẹ má sọ èyí tó jẹ́ 3 sí 3 yẹn nù! Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn. Mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àtijọ́ lé e lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi aṣọ òwú funfun bò ó, mo fà á kó le dáadáa, mo fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ ìdí pákó. Mo máa ń gbé e lé orí tábìlì ìgéṣọ tí mo bá fẹ́ lọ aṣọ, tí mo bá parí, mo máa ń gbé e dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má lo fóòmù, ooru á yọ́ ọ. Aṣọ tí a bá ń lọ bí a ṣe ń rán an lọ, tí a tẹ ojú ìrán rẹ̀ lélẹ̀ kí a tó kọjá sí òmíràn, ó máa ń yàtọ̀ lára kọ́sítọ́mà.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ńkọ́, Ìyá Àyọ̀? Ṣé ẹ̀ ń lò ó tí iná ò bá sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ yàrá yẹn. Èéfín èédú tí ojú ò rí lè pa èèyàn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ẹta iná kan ṣoṣo sì tó láti ba léèsì olówó ńlá jẹ́. Ìta gbangba, ní ẹ̀yìnkùlé, ni kí ẹ ti máa dá a.

Àbẹ̀kẹ́, Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kó KALLAX, ṣẹ́ẹ̀fù oníhò inú páálí ti ilé iṣẹ́ fọ́níṣọ̀ IKEA, ránṣẹ́ sí mi nínú ẹrù tó ń bọ̀ nílé, méjì, oníhò mẹ́rin-mẹ́rin. Níbẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ránṣọ nílé ló máa ń to méjì, tí wọ́n á gbé pákó lé wọn lórí, tí á di tábìlì ìgéṣọ tó ní ibi ìkẹ́rùsí lábẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 77, ìyẹn bí íǹṣì 30. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi, ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi gé aṣọ lórí rẹ̀ tí ìbàdí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Ẹsẹ̀ igi tó ga ní íǹṣì márùn-ún ni káfíńtà bá mi kàn sí ìdí rẹ̀ kí ara tó tù mí. Ẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí omi tó ya wọlé wa lọ́dún tó kọjá dé ara pákó náà.

Ihò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Sẹ̀ǹtímítà 33 níbùú, 33 lóròó. Àǹkárá yáàdì mẹ́fà tí a ká dáadáa á wọlé, òmíràn á tún gorí rẹ̀. Mo fi orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ tó fẹ́ gba aṣọ sára ihò kọ̀ọ̀kan, látìgbà yẹn mi ò tíì wá aṣọ ẹnikẹ́ni tì. Tí ẹ bá máa ra irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà níhìn-ín, ẹ wọn ihò kí ẹ tó sanwó, àwọn kan kéré jù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo fẹ́ ta ko káfíńtà díẹ̀, kó má bínú. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wa. Àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó tóóró, ó sì yí kọ́rọ́. Káfíńtà kan tìtorí tábìlì mi gba owó iṣẹ́, ó kàn án lódidi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gun òkè. Ayùn la fi dá a sí méjì nísàlẹ̀ ilé. Fọ́níṣọ̀ inú páálí ni mo rà lẹ́yìn náà, èmi nìkan ló gbé e gòkè, páálí kan tẹ̀lé òmíràn. Ìdí tí wọ́n fi dá irú rẹ̀ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 1956, òṣìṣẹ́ IKEA kan ní Sweden, Gillis Lundgren, yọ ẹsẹ̀ tábìlì kan kó lè wọ inú mọ́tò, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í di í sí páálí.

Káfíńtà Mushin

Òótọ́ lẹ sọ, mi ò bínú rárá. Ẹni tó kàn án lódidi láìkọ́kọ́ wá wọn àtẹ̀gùn yín ni kò ṣe dáadáa. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ ní kí káfíńtà fi de ẹsẹ̀ mọ́ ara tábìlì, kó má fi ìṣó àti gúlúù dì í pa. Ẹ lè tú bóòtì nígbà ogún, igi ò ní rẹ̀ ẹ́. Ẹ óò kó o lọ sílé mìíràn lọ́jọ́ tí láǹdíọ̀ọ̀dù bá ní kí ẹ máa lọ.

Ìyá Àyọ̀, Bàrígà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n wá sọ bó ṣe yé mi: tábìlì ìgéṣọ àti ti wíífù, kí káfíńtà kàn án. Ṣẹ́ẹ̀fù oníhò, kí n rà á nínú páálí, kí n gbé e lé ẹsẹ̀ igi, kí n má gbé e ti ògiri tó ń rin. Ṣé mo gbọ́ dáadáa? Iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan yẹn wá ńkọ́? Ibo ni kí máṣíìnì kọjú sí?

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Lafiaji

O gbọ́ dáadáa, ọmọ mi. Máṣíìnì rẹ, gbé e sí itòsí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ọwọ́ òsì rẹ wá, kí òjìji ọwọ́ ọ̀tún má bàa bo abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n má to aṣọ oníbàárà síbi tí oòrùn ti ń ràn wọlé, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, o ò sì ní rí owó san. Gbé gílóòbù funfun kan sókè gbọnrangandan tábìlì ìgéṣọ. Aṣọ dúdú àti búlúù tó jìn, iná pupa kò fi wọ́n hàn bó ṣe yẹ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan kò tó. Pe oníṣẹ́ iná kó fa èkejì wá. Áyọ́ọ̀nù iná ń fa iná púpọ̀, má jẹ́ kí òun àti mọ́tò máṣíìnì jọ wà lórí ẹ̀síténṣọ̀n kan. Yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí o tó ra ṣẹ́ẹ̀fù.

Ìyá Ìbejì, Ògbà

Nítorí ọmọ tó wà nílé: ṣẹ́ẹ̀fù yòówù kí ẹ rà, ẹ so ó mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ máa ń fi ihò ṣe àkàbà. Ní 2016, IKEA ní kí wọ́n dá kọ́bọ́ọ̀dù onídírọ́ọ̀ tó tó mílíọ̀nù 29 padà ní Amẹ́ríkà, torí pé wọ́n ń wó lu àwọn ọmọdé tí wọn ò bá so wọ́n mọ́ ògiri. Tí láǹdíọ̀ọ̀dù ò bá fẹ́ kí ẹ lu ihò sára ògiri, ẹ ra èyí tó kúrú, kí ẹ kó ẹrù tó wúwo sísàlẹ̀. Pínnì, sísọ̀ àti abẹ́rẹ́, kí wọ́n wà nínú ike olómọrí lórí ṣẹ́ẹ̀fù ara ògiri.

Àbẹ̀kẹ́, Sùúrùlérè

Bàrígà lẹ wà, Ṣómólú ò jìnnà sí yín. Ẹ bi àwọn atẹ̀wé níbẹ̀ bóyá wọ́n ní pépà tó ṣẹ́ kù nídìí róòlù tàbí pépà tí wọ́n gé dànù. Ó dára fún pátáànì. Ẹ lu ihò sórí rẹ̀, kí ẹ fi ìṣó fi í kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má ká a, ibi tó bá ti ká ni ìwọ̀n rẹ̀ ti máa ń yẹ̀.

Ìyá Àyọ̀, Bàrígà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀. Tábìlì ti dé, íǹṣì 35 ló bá ìgúnpá mi mu. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì ti wà. Ṣẹ́ẹ̀fù oníhò mẹ́jọ ni mo rà, èmi àti bàbá Àyọ̀ la jọ tò ó ní alẹ́ Sátidé, síkúrúù méjì ló ṣẹ́ kù, a tú ẹ̀yìn rẹ̀ ká tó rí ibi tí wọ́n ti yẹ kó wà. Ghana-Must-Go mẹ́rin yẹn ti ṣófo. Lánàá, mo gé aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́fà ní ìdúró, mo sì tún lọ dáná lẹ́yìn rẹ̀.

Káfíńtà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ tábìlì kan ń mì díẹ̀ lápá ọ̀tún. Ṣé kí n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le sí i?

Káfíńtà Mushin

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀ ló wọ́. Ẹ yí tábìlì náà po, kí apá ọ̀tún bọ́ sí òsì. Tó bá ṣì jẹ́ ẹsẹ̀ kan náà ló ń mì, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fi wọ́ṣà kan sí i, kí ẹ wá fún un. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn ló wá ń mì, ilẹ̀ ni o, ẹ ṣẹ́ páálí ṣẹ́ẹ̀fù yẹn sábẹ́ rẹ̀.