Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ ju eléré mi lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olùkọ́ni ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn eléré tráyátílọ̀nì tí wọ́n ń díje ní ipò gíga, ìyẹn ìdíje tí eléré ti máa lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 1.5, tí yóò gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 40, tí yóò sì sá eré kìlómítà 10 gbẹ̀yìn. Mẹ́rin ni wọ́n wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí n kì í wọ̀n lára wọn: bí ọkàn wọn ṣe ń lù tọ̀sán tòru, iye wáàtì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára, tí ẹsẹ̀ wọn ń mú jáde lórí kẹ̀kẹ́, wákàtí tí wọ́n fi sùn, àti máàkì tí áàpù máa ń fún wọn láràárọ̀ láti sọ bóyá ara wọn ti sinmi tó. Ní alaalẹ́, mo máa ń fi àlàyé gígùn ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó gbé mi dé ibí ni pé èyí tó dáńtọ́ jù nínú wọn, obìnrin ni, sá eré ìyára nígbà tí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó fèsì pé áàpù fún òun ní máàkì 91 láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun sì mọ̀ pé mo ti rí i. Iṣan náà ya díẹ̀, ọjọ́ 11 ni kò fi sáré rárá. Lóòótọ́ ni mo rí 91 yẹn, inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Báwo ni mo ṣe lè mú kí wọ́n tún máa bá mi sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé mo kó gbogbo ẹ̀rọ dànù?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ni àgbà kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́, ẹ sì kú ewu eléré yín. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ máa gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó ṣí fáìlì rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, eléré máa fi ohun méjì ránṣẹ́: nọ́ńbà kan láti 0 sí 10 tó ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó lára rẹ̀, àti gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo máa ń fi nọ́ńbà yẹn sọ iye ìṣẹ́jú iṣẹ́ náà di púpọ̀, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 60 tó le dé 4 máa jẹ́ 240, n ó sì ro gbogbo ti ọ̀sẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni, kò sì gba bátìrì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ẹ̀rọ kò bá ti bára mu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wáàtì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ìlù ọkàn rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ nìkan á ní ara rẹ̀ ti ń le sí i. Ṣùgbọ́n bí eléré bá ní 8 ni iṣẹ́ tó máa ń pè ní 5 tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkàn náà lè sáré sókè mọ́. Nọ́ńbà kan náà ni, ìtumọ̀ méjì tó takora ló sì ní, ẹni tó ni ara ló sì lè kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì.

Bí ẹ ṣe ń béèrè náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá pé ṣé dáadáa ni, "A dúpẹ́" ni yóò sọ, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń já a jẹ. Ẹ bi í pé: "Níbo ló kọ́kọ́ dùn ọ́ nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì?" tàbí "Tí mo bá ní kí o yọ iṣẹ́ kan kúrò lọ́sẹ̀ yìí, èwo ni wàá yọ?" Lọ́jọ́ tó bá sì jẹ́wọ́ ìrora fún yín, ẹ má ṣe gba gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ́ níyà. Ẹ jọ wá ohun tó ṣì lè ṣe, nítorí bí ẹ bá fi òótọ́ tó sọ fìyà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ èkejì.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́

Mo fara mọ́ ohun tí àgbà wa sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n wáàtì lórí kẹ̀kẹ́ wúlò gan-an, torí ó ń fi ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe hàn lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ìlù ọkàn máa ń lẹ́yìn nínú eré kúkúrú tó le. Aago ọwọ́ tó ń fi iná ka ìlù ọkàn ló yẹ ká máa fura sí, nítorí nígbà mìíràn, ìṣísẹ̀ eléré ló ń kà tó ń pè ní ìlù ọkàn.

Ẹ wo àwọn ará Norway. Kristian Blummenfelt tó gba wúrà ní ìdíje Olympic ti Tokyo, èyí tó wáyé ní ọdún 2021, wà lára àwọn tí wọ́n máa ń gún níka láàárín iṣẹ́ láti wọn lactate, ìyẹn èròjà tó máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń le. Púpọ̀ nínú wa rò pé torí kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ le sí i ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe fún wọn jù ni pé kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá ibi tí iṣẹ́ ọjọ́ náà yẹ kó dé. Ìpinnu kan wà tí òṣùwọ̀n náà ń yí padà. Ẹ fi èyí yẹ gbogbo ohun tí ẹ ń wọ̀n wò, èyí tí kò bá sì yí ìpinnu kankan padà láàárín oṣù kan, ẹ yọ ọ́. Èmi ti yọ máàkì oorun kúrò lójú àwọn tèmi, torí wọ́n ti ń jí sáyé pẹ̀lú ìdájọ́.

Ní ti àlàyé alaalẹ́ yẹn, ẹ dákun, ẹ dín in kù. Èmi náà kọ ọ́ rí, àwòrán àtàǹpàkò kan ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ eléré kan

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láàyè, èmi kì í ṣe olùkọ́ni. Nígbà kan, oṣù márùn-ún gbáko ni n kò fi rí nǹkan oṣù mi, torí oúnjẹ tí mo ń jẹ kò tó iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Gbogbo nọ́ńbà mi lórí tábìlì kóòṣì tí mo ní nígbà náà ló dára, kódà wáàtì mi ń lọ sókè. N kò sọ fún wọn, nítorí kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí, wọn kò sì bi mí ní ohunkóhun tí kò sí lórí tábìlì yẹn. Egungun ẹsẹ̀ mi ló padà sọ ọ́, ó sán. Kóòṣì tí mo wà lọ́dọ̀ wọn báyìí máa ń pè mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọjọ́ Àìkú, a kì í sì í dárúkọ wáàtì kankan títí a ó fi ṣe tán.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Àbúrò mi eléré, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, n kò ì tíì bi obìnrin méjèèjì tó wà lọ́dọ̀ mi ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a lọ díje. Ojú ìwé méjì ni mo máa ń fi kọ ètò ìdíje fún wọn ṣáájú. Ṣé kí n dá a dúró?

Olùkọ́ni àgbà

Ẹ dá a dúró. Òfin ìdíje kò gba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ létí eléré, nítorí náà ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó bá fi ń kọjá níwájú yín ni ẹ ní. Lórí kẹ̀kẹ́ pàápàá, níwọ̀n bí ìdíje àwọn eléré ńlá ti gbà wọ́n láàyè láti gun kẹ̀kẹ́ sún mọ́ ẹ̀yìn ara wọn kí ẹni iwájú lè máa gba atẹ́gùn fún wọn, wáàtì tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nílé kò ní wúlò mọ́ bí àwọn iwájú bá kọ lu eré lójijì. Ní ìdíje Olympic ti Paris ní ọdún 2024, Hayden Wilde ti New Zealand ti fi Alex Yee ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nínú eré sísá, àmọ́ Yee lé e bá nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 6 péré gba wúrà. Kò sí ojú ìwé tó lè sọ àkókò tí eléré máa ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹ jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún kẹ̀kẹ́, ọ̀kan fún eré. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ètò náà padà fún yín. Tí kò bá lè kà á tán láàárín àkókò tó fi ń de okùn àṣíborí rẹ̀, ó ti gùn jù.

Ẹni tó béèrè

Mo pe eléré mi tí iṣan rẹ̀ ya yẹn lálẹ́ yìí, n kò ṣí áàpù rárá kí n tó pè. Mo bi í ní iṣẹ́ tí yóò yọ kúrò lọ́sẹ̀ yìí. Ó dákẹ́ pẹ́ títí, mo tiẹ̀ rò pé ìpè náà ti já. Lẹ́yìn náà ló ní ìlúwẹ̀ẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, nítorí èjìká òun ọ̀tún. N kò mọ ohunkóhun nípa èjìká kankan tẹ́lẹ̀.