Ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ mi ti di ẹjọ́: ṣé kí n ya ojú ìwé kan kúrò nínú rẹ̀?

Tíṣà Àná, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i láìṣe ojúsàájú.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi ọdún 35 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018, ìyẹn kí òfin ọdún 2022 tó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà sí ẹni ọdún 65. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí, èmi àti nóòtì ẹ̀kọ́ ni, nítorí pé ọ̀gá àgbà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo wá délé, tí kò sí ẹni tí yóò buwọ́ lu ohunkóhun fún mi mọ́, ọwọ́ mi kò gbà láti sinmi. Mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìwé keje ni mo wà báyìí. (Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ká ní òun ni mo tẹ̀ lé ni, ìwé ì bá ti lé wa jáde nínú yàrá.)

Kò sí ohun ńlá níbẹ̀: òjò àkọ́rọ̀, iye tí wọ́n ń ta gàrí, ẹni tó yà kí wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí ₦200 ti fò kọjá ₦500, pé mo fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, àti pé ìyá àwọn ọmọ ní kí n yé kùn, pé ó ti pẹ́ tí dókítà ti ní kí n máa rìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ní oṣù Kẹta ni ìyàwó mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ni àkọ́bí wa ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ síra wọn ní pálọ̀ nítorí owó. Àbúrò ní láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ti gbéyàwó ni kò ti mú kọ́bọ̀ wá sílé mọ́. Ẹ̀gbọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde láì fọwọ́ kan àmàlà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé àmàlà náà tutù lórí tábìlì, tí ìyá wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n ti parí ìjà yẹn, owó pé, ìyàwó mi sì ń ríran dáadáa. Àmọ́ ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin yìí ń wá bírò lórí tábìlì mi, ó sì rí ibi tí mo kọ ọ́ sí. Ó jókòó, ó kà á tán, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ohun tí ọmọ mi yóò kà nípa mi lọ́jọ́ iwájú nìyí?" Ó bẹ̀ mí pé kí n ya ojú ìwé náà. Èmi tí mo na ọmọ olówó, tí mo na ọmọ tálákà nítorí ìwé yíya! Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ya á ni? Ṣé ó sì tọ́ kí ènìyàn máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó wà láàyè sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn?

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àìsinmi, Bàbá. Ẹ má ya á o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni èmi fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ́ wa ni pé ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí ọwọ́ sì wọ̀n nìkan ni kí a kọ sínú ìwé aláìsàn. A kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé aláìsàn lágídí. Kí a kọ ọ́ pé ó kọ oògùn aago mẹ́wàá alẹ́, kí a sì kọ ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Àmàlà tó tutù kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ǹjẹ́ ẹ kò kọ ẹni tó jẹ̀bi síbẹ̀? Bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba orí gbólóhùn yẹn, kí ó ṣì ṣe é kà, kí ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Bí a ṣe ń tún àṣìṣe ṣe ní wọ́ọ̀dù nìyẹn. Ẹni tó bá fi bírò pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ráúráú, ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń rò ni pé ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Àgbà Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́, èmi kò bá Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ. Aláìsàn yóò gbádùn, yóò sì kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ ìyá kì í kúrò nínú ọmọ ìyá. Àwọn méjèèjì ti parí ìjà, ìwé nìkan ni kò mọ̀ pé ó ti parí. Ní ìdílé tiwa, ìwé kékeré kan tí bàbá wa kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí ni ẹnìkan mú wá sí ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ búra pé òun ti san án, bàbá kò sì sí láàyè mọ́ láti jẹ́rìí. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò fi kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ owó àti ilẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tó ní ẹlẹ́rìí. Ìjà àwọn ọmọ, ẹ fi sínú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ọmọ ni mo jẹ́ láàárín yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mo jogún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni bàbá mi fi sílẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n ti yá owó WAEC mi, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Mo sọ fún un pé owó oṣù ni." Mo ka ìlà yẹn nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sì kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún kan, ọdún tí a kò lọ sí Ìjẹ̀bú fún Kérésì, wọ́n ti ya ojú ìwé méjì. Etí rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n gán ìwé náà pọ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo bi àbúrò wọn, ohun tí ẹnì kan sọ kò jọ ti ẹnì kejì, èyí tí mo sì ń rò fúnra mi burú ju tàwọn méjèèjì lọ. Bàbá, bí ẹ bá ya á, ọmọ ọmọ yín yóò ṣì rí etí ìwé náà.

Olùtọ́jú Ìwé, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò dá nìkan wà ní ìlú yìí. Olóyè Akínpẹ̀lú Obíṣẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tó jẹ́ ògúnnágbòǹgbò nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tó sì kú ní ọdún 1963, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń kọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sínú rẹ̀ láìbò. Ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ìwé náà wà, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń kà á. Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ pinnu nísinsìnyí ẹni tí yóò gba ìwé yín lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Èyí ká mi lára ju ti ojú ìwé kan lọ.

Tíṣà Àná, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ gidigidi. Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ mú mi: mo kọ "aláṣejù" síbẹ̀, ọmọbìnrin náà ni mo sì kọ ọ́ fún. Mo ti fa ìlà gbà á, mo kọ déètì, mo buwọ́ lù ú bí ọ̀gá àgbà. Àgbà Òṣogbo, mo gbọ́ yín o. Mo ti dá ìwé owó sọ́tọ̀.

Ní alẹ́ àná tí ọmọ náà wá, mo ṣí ibẹ̀ fún un, mo fún un ní bírò aláwọ̀ ewé, mo ní kí ó kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé òun ni òun gbé àmàlà náà gbóná ní òru ọjọ́ yẹn, tí òun gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n òun nílé rẹ̀, àwọn sì jọ jẹ ẹ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ ti sùn nígbà yẹn. A kò mọ̀.