Bàbá àwọn ọmọ mi nìkan ló mọ ibi tí owó wa wà

Ẹ̀yin àǹtí àti bọ̀dá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣàìsàn, wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Ìgbà tí wọ́n ní kí n wá sanwó ni mo rí i pé n kò mọ báǹkì tí owó ilé wa wà. Owó díẹ̀ tí èmi náà tọ́jú ti wà lójú kan fún ọdún 6, kò lélé. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n fi sínú ètò kan tó máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lóṣù 3. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ewu o. Ètò yẹn, ẹ sá fún un. Ẹ fi èlé ọdún kan pín 72, iye ọdún tí owó máa fi di méjì nìyẹn. Tí èlé bá jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún 9 ni. Kí wá ni ẹni tó ní oṣù 3 ń tà? Oníjìbìtì kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ṣe irú rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1920, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Àmọ́ ìṣirò yẹn kan náà ń bá owó tó sùn jà o. Tí ọjà bá ń fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i lọ́dọọdún, láàárín ọdún 6 yẹn, agbára owó yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ìdajì.

Bọ̀dá Ṣọlá: Tí ara ọkọ yín bá ti yá, ẹ jókòó tì í, ẹ má ṣe bí ọlọ́pàá. Báǹkì, gbèsè, ìwé ilé, adójútòfò, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo orúkọ ẹni tó fi sínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé kó gba owó náà tí òun ò bá sí mọ́. Orúkọ ìyá mi tó ti kú ló ṣì wà nínú tèmi títí di èṣí.

Àbíkẹ́: Bọ̀dá, ìyẹn dáa, àmọ́ ti ìyàwó fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tún ṣe. Owó ìnáwó oṣù 3 sí 6, lórúkọ ara rẹ̀, níbi tó ti lè tètè rí i gbà. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún 4 torí ọmọ. Owó ìfẹ̀yìntì ọdún 4 náà bá a lọ, mo sì rò pé owó oṣù nìkan ni mo pàdánù. Àwa obìnrin la sì sábà máa ń pẹ́ láyé jù.

Ìyá Ìbejì: Tí gbèsè elélé gọbọi bá wà lọ́rùn yín, ẹ tètè san án ná.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi ti délé. Mo bi í lánàá, ó rẹ́rìn-ín, ó fa fáìlì kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun gan-an ti gbàgbé ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀! Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì, a máa lọ yí i padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń bínú.