Páńẹ́lì sólà lórí adágún omi mímu: kí ló ń ṣe omi?

Jìnwọ́nlẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ fi páńẹ́lì sólà tó ń léfòó bo ìdá 40 nínú 100 ojú adágún omi mímu kan tó jìn tó mítà 12. Wọ́n ní algae, ìyẹn ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi, á dín kù, oòrùn ò sì ní fa omi lọ tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí la máa wọ̀n?

Ojú Omi: Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku ìdajì. Òjìji páńẹ́lì ń fi ìmọ́lẹ̀ du algae, ṣùgbọ́n algae yẹn náà ló ń tú ọ́síjìn sómi lójúmọmọ. Atẹ́gùn tó ń ru omi pọ̀ kò sì ráyè mọ́. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Tí ọ́síjìn bá tán níbẹ̀, ẹrẹ̀ á máa tú irin, manganese àti phosphate sílẹ̀. Manganese ló ń fi àbàwọ́n dúdú sára aṣọ funfun. Phosphate ní tiẹ̀, oúnjẹ algae ni: tó bá ti gòkè débi tí oòrùn wà, ohun tí ẹ ń sá fún ti padà dé nìyẹn.

Akọ̀wé Adágún: Ẹ má wọn orí omi nìkan. Ẹ sọ ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn sílẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, kó ku ìdajì mítà sí ẹrẹ̀. Tó bá kan ẹrẹ̀, nọ́ńbà á já sí òdo, ẹ ó sì pariwo lásán. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárín páńẹ́lì, létí rẹ̀, àti níbi gbalasa. Ìdájí ni o, ìgbà yẹn ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Ẹ wọ̀n ọ́n fọ́dún kan gbáko kí páńẹ́lì tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ojú Omi: Ní Tengeh, ní Singapore, páńẹ́lì 122,000 ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta adágún láti 2021. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi. Tiyín náà, ẹ tètè tan ẹ̀rọ yẹn. Tẹ́ ẹ bá dúró kí ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́, phosphate ni yóò gbé gòkè fún yín.

Jìnwọ́nlẹ̀: Tí algae bá ṣì yọ, ṣé ká da copper sulphate, kẹ́míkà tó ń pa algae, sí i?

Akọ̀wé Adágún: Rárá o, pàápàá lábẹ́ páńẹ́lì. Algae tó bá kú á rì, bó bá sì ti ń jẹrà, ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ló máa jẹ tán.